Fọ́tò Lọ́wọ́ Àgbà: Bí Àwòrán Ṣe Ń Gba Ìtàn Ìgbésí Ayé Sílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, fọ́tò àgbàlagbà kì í wọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n sábà máa ń kó o síta jù lọ: wọn a tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ètò ìsìn, sára kàlẹ́ńdà àti sára báńnà tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹni tí ó wá síbi ìnáwó a sì máa wò ó, láìsí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ ibi tí wọ́n ti yà á, ìgbà tí wọ́n yà á, tàbí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olóògbé nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìdáhùn gan-an ni wọ́n ń sin lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ kan wà tí ó ń fẹ́ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wáyé nígbà tí ẹni tí ó lè dáhùn ṣì wà láàyè, tí ó sì ṣì ń gbádùn ọ̀rọ̀ sísọ. Iṣẹ́ náà ni fífi fọ́tò gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbàlagbà láàárín àwùjọ, yálà fọ́tò àtijọ́ tí ó ti pẹ́ nínú àpótí wọn, tàbí fọ́tò tuntun tí àwọn fúnra wọn yà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn ayàwòrán, àwọn òpìtàn àti àwọn olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó sì ti ní ìlànà tirẹ̀. Ẹwà àwòrán kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà yọrí, bí kò ṣe bí àṣẹ lórí ìtàn náà bá wà lọ́wọ́ àgbà tí ó sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìwádìí hàn pé fọ́tò lè tú ahọ́n ènìyàn ni John Collier, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ó di onímọ̀ nípa àṣà ìran ènìyàn. Ó bá ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan ṣiṣẹ́ ní ìhà ìlà-oòrùn Kánádà, níbi tí Dókítà Alexander Leighton ti ń wádìí bí ipò tí àwùjọ wà ṣe ń kan ìlera ọpọlọ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará ìlú lẹ́nu wò: ìbéèrè lásán ni ti àkọ́kọ́, èkejì sì ni kí wọ́n tẹ́ fọ́tò síwájú ẹni náà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ tí Collier gbé jáde ní 1957, ó ròyìn pé níbi tí fọ́tò bá ti wà, ọ̀rọ̀ a máa gùn, a máa kún, kì í sì í tètè sú ẹni tí ń sọ ọ́, nítorí pé bí ìrántí kan bá fẹ́ tán, ohun mìíràn nínú àwòrán náà yóò tún jí òmíràn dìde. Níbi tí kò bá sí fọ́tò, ẹni náà a máa tún ohun tí ó ti sọ tẹ́lẹ̀ sọ. Leighton yìí kan náà ni ó wá bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, tí àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì tẹ ìwé jáde ní 1963 lórí àìlera ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá.

Ní ọdún 1963 yẹn kan náà ni Robert Butler, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ tí ó yí ojú tí àwọn oníṣègùn fi ń wo ọ̀rọ̀ àgbà padà. Ṣáájú ìgbà náà, bí arúgbó bá ń sọ̀rọ̀ nípa àná lemọ́lemọ́, èrò ọ̀pọ̀ dókítà ni pé iyè rẹ̀ ti ń ra, wọn a sì gba àwọn ẹbí níyànjú láti yí ọ̀rọ̀ padà. Butler sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé òpin ń sún mọ́lé, ọkàn rẹ̀ yóò máa padà sẹ́yìn láti yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò, láti parí ìjà tí kò tíì parí, àti láti mọ ohun tí gbogbo rẹ̀ já sí. Ohun tí ó tọ́ tí ó sì yẹ ni, iṣẹ́ ọkàn sì ni pẹ̀lú. Butler yìí ló di olùdarí àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó, ìwé tí ó kọ lórí ìyà tí ń jẹ àwọn arúgbó ní Amẹ́ríkà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1976. Fún Yorùbá, tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé ẹnu àgbà ni ìtàn wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dà bí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Síbẹ̀, mímọ̀ pé ìtàn wà lẹ́nu àgbà yàtọ̀ sí wíwá àyè láti jókòó gbọ́ ọ, pàápàá ní ìlú ńlá tí àwọn ọmọ ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọn kì í wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ Butler di ohun tí a lè fọwọ́ mú. Ẹgbẹ́ Help the Aged gbé àkójọ kan tí wọ́n pè ní Recall jáde ní 1981, tí ó ní àwòrán tí wọ́n ń tàn sára ògiri àti kásẹ́ẹ̀tì tí ó ní orin àti ohùn àtijọ́ nínú, kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó lè máa fi dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní 1983, Pam Schweitzer dá ẹgbẹ́ Age Exchange sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé kan ní Blackheath ní 1987 tí ó jẹ́ pé ìrántí àwọn àgbà ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún: wọ́n ń gba ìtàn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú fọ́tò, wọ́n sì ń sọ ọ́ di eré orí ìtàgé.

Nínú gbogbo èyí, ẹlòmíràn ni ó ń yan fọ́tò, àgbà ń wò ó, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ìyípadà tí ó tóbi jù lọ dé nígbà tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń ya tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Caroline Wang àti Mary Ann Burris, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ford Foundation, kó kámẹ́rà fún obìnrin 62 tí wọ́n jẹ́ ará oko ní ìpínlẹ̀ Yunnan, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń lò ó, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ya ìgbésí ayé ojoojúmọ́ wọn. Àwọn obìnrin náà ya oko, wọ́n ya ilé ìdáná, wọ́n ya omi pípọn àti ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n sì jókòó papọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n yà, kí wọ́n tó pàtẹ àwọn àwòrán náà fún àwọn aláṣẹ láti wò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kékeré tí kò ní olùtọ́jú nígbà tí ìyá wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ oko wà lára ohun tí ó hàn kedere nínú àwòrán ju bí ó ti hàn nínú ìwé ìròyìn ìjọba lọ. A tẹ ọgọ́rùn-ún lára àwọn fọ́tò wọn sínú ìwé kan ní 1995, Wang àti Burris sì gbé ìlànà náà kalẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní 1997, lábẹ́ orúkọ tí a fi ń pè é títí di òní, Photovoice, èyí tí í ṣe ìlànà tí àwọn ará àwùjọ fi ń lo fọ́tò tí wọ́n yà fúnra wọn láti sọ ohun tí ó dára àti ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ní àdúgbò wọn, kí ọ̀rọ̀ náà lè dé etí àwọn tí ó lágbára láti ṣe àtúnṣe.

Gbòǹgbò kan nínú ìlànà yìí wá láti Brazil. Paulo Freire, olùkọ́ tí wọ́n bí ní Recife ní 1921, máa ń lo àwòrán láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ní Angicos ní 1963, níbi tí wọ́n ti kọ́ nǹkan bí 300 ènìyàn láàárín wákàtí 40, wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ìgbésí ayé wọn ni wọ́n gbé síwájú wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ Freire ni pé ẹni tí ó bá lè rí ipò tí òun wà lókèèrè, bí ohun tí a yà sórí ìwé, yóò lè ronú lórí rẹ̀ kí ó sì gbìyànjú láti yí i padà. Ìdí nìyí tí àwọn ìbéèrè Photovoice fi ń lọ ní ìpele-ìpele: kí ni a rí nínú fọ́tò yìí, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an, báwo ni ó ṣe kan ìgbésí ayé wa, kí ló fà á, kí sì ni a lè ṣe sí i.

Nígbà tí irú iṣẹ́ yìí bá dé ọwọ́ àwọn àgbàlagbà, ohun tí wọ́n ń yà a máa ya àwọn ọ̀dọ́ tí ń darí wọn lẹ́nu. Olùdarí lè máa retí òdòdó àti ojú ọmọ-ọmọ. Àgbà a ya àtẹ̀gùn tí kò ní irin ìdìmú, ojú gọ́tà tí kò ní ìdérí, ọ̀nà tí ó jìn láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò sílẹ̀ dé ilé ìwòsàn, tàbí àga kan ṣoṣo tí ó wà lábẹ́ igi níbi tí ó ti lè sinmi kí ó tó dé ọjà. Ẹni ogójì ọdún ń kọjá lójú gọ́tà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ láìrí i, ẹni tí eékún ń dùn kò sì lè ṣe kí ó má rí i. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kò lẹ́wà, ó sì lè ṣe bàìbàì nítorí ọwọ́ tí ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n òun ni ó yẹ kí alága ìjọba ìbílẹ̀ rí. Olùdarí tí ó bá yọ ọ́ kúrò nínú ìpàtẹ, tí ó fi èyí tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa rọ́pò rẹ̀, ti gba kámẹ́rà padà lọ́wọ́ àgbà náà láìfọwọ́ kàn án.

Ní ti Yorùbá, ó ti pẹ́ tí ẹni tí wọ́n ń ya ti ń kópa nínú yíyàn bí òun yóò ṣe rí. Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978 lórí bí Yorùbá ṣe ń fi fọ́tò ṣe àfihàn ara wọn. Ó ṣàkíyèsí ìjókòó kan tí ó wọ́pọ̀ fún àwọn àgbà: ẹni náà yóò jókòó kojú kámẹ́rà gbọnrangandan, yóò gbé ọwọ́ lé itan, yóò wọ aṣọ tí ó níyì jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ya gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Sprague tún kọ nípa fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún un ní ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n sì wọ aṣọ obìnrin fún un ní ẹ̀ẹ̀kejì. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ a máa ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe. Ẹni tí kò bá béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ó ni fọ́tò náà yóò rí ọmọ méjì níbi tí ọmọ kan ṣoṣo wà, kò sì ní mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ni òun ń wò.

Robert Farris Thompson, òpìtàn iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà tí ó bá ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ ère wò nílẹ̀ Yorùbá sọ̀rọ̀, kọ ọ́ pé agbẹ́gilére kì í sábà gbẹ́ ènìyàn bí arúgbó, kódà bí ó bá ti darúgbó. Ìgbà tí agbára rẹ̀ wà ní góńgó ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí. Èyí wúlò fún àwọn tí ń gba ìtàn. Bí wọ́n bá ní kí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún mú fọ́tò ara rẹ̀ wá, tí ó sì mú èyí tí wọ́n yà á ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún wá, kò fi ọjọ́ orí pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣi ìbéèrè gbọ́. Ó ti fi ẹni tí ó jẹ́ hàn wọ́n ni, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ewu tí ó dojú kọ irú fọ́tò wọ̀nyí kọjá ti kòkòrò àti ọ̀rinrin. Nígbà tí kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù àti fóònù gba ọjà, ọ̀pọ̀ sítúdíò ní Èkó kógbá sílé, àwọn tí ó ni wọ́n sì ń da nẹ́gátíìfù wọn nù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ń tẹ fọ́tò láti ara rẹ̀, nítorí kò tún sí ẹni tí yóò wá tẹ òmíràn. Karl Ohiri, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú nẹ́gátíìfù bẹ́ẹ̀ jọ, iṣẹ́ tí òun àti Riikka Kassinen sọ di Lagos Studio Archives. Lára ohun tí wọ́n gbà là ni iṣẹ́ John Abe àti aya rẹ̀ Fúnmiláyọ̀ Abe, tọkọtaya tí wọ́n ṣe sítúdíò Abi Morocco Photos ní Èkó láti àwọn ọdún 1970 títí di 2006. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ náà ní ilé ìpàtẹ Autograph ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2024. Ojú àwọn ènìyàn inú àwọn fọ́tò náà mọ́lẹ̀ kedere, aṣọ wọn dára, ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù kì í sọ orúkọ. Àwọn tí ó lè dárúkọ wọn ti di àgbàlagbà báyìí, ní Ṣómólú, ní Muṣin, ní Àgége, àti ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú.

Bí àwọn tí ń gba ìtàn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa fọ́tò ṣe pàtàkì gidigidi. Ìbéèrè ọdún kì í sábà so èso, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó dàgbà jù kò ní ìwé ìbí, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́. Ó sàn kí wọ́n béèrè bóyá ó ṣáájú ogun Hítílà tàbí ó kẹ́yìn rẹ̀, bóyá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, bá ọmọ inú fọ́tò náà nílé ìwé, bóyá wọ́n ti kọ́ Cocoa House ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, bóyá wàhálà òṣèlú tí wọ́n pè ní wẹtíẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, tàbí ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, ti 1968 sí 1969, bóyá pọ́n-ún àti ṣílè ni wọ́n ṣì ń ná, èyí tí náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, tàbí ó bọ́ sí àkókò owó Udoji tí ìjọba fi kún owó oṣù, tàbí ti àjọ̀dún àṣà FESTAC 1977. Fọ́tò fúnra rẹ̀ a máa jẹ́rìí. Bí mọ́tò bá wà nínú rẹ̀, tí ìdarí rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yà á ṣáájú 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò ní gbígba apá òsì ojú títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ̀yìn fọ́tò lè ní òǹtẹ̀ sítúdíò. Aṣọ pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìṣọ́ra: ìró kúkúrú tí ó mọ ní orúnkún, tí àwọn ọmọge ń ró ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, tún padà gbòde lẹ́yìn tí fíìmù Ó Le Kú, tí wọ́n fi ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe, jáde ní 1997, olékú ni wọ́n sì wá ń pè é, ẹni tí ó ró o nígbà àkọ́kọ́ nìkan ni yóò mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó tún dára kí àgbà méjì tàbí mẹ́ta wo fọ́tò kan náà pọ̀, nítorí wọn yóò jiyàn, àríyànjiyàn wọn yóò sì gbé ohun tí ẹnìkan kò bá rántí jáde. Ìgbà mìíràn wà tí ìyá àgbà kan yóò rí àwòrán bàbá rẹ̀, tí kò ní sọ ìtàn kankan, tí yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì. Kí olùdarí má ṣe dá a dúró láti padà sí ìbéèrè inú ìwé rẹ̀. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù tí ó sì kọ ìwé lórí oríkì ìlú náà ní 1991, ti fi hàn pé inú oríkì ni àwọn obìnrin ń tọ́jú ohun tí ó ti kọjá sí, bí kò tilẹ̀ tẹ̀lé ìlà ọjọ́ àti ọdún.

Fún àwọn tí àrùn ìgbàgbé ti mú, àwọn tí ènìyàn máa ń sọ pé wọ́n ń ṣarán, ìbéèrè nípa àná lè di ìyà, nítorí ó ń rán wọn létí ohun tí wọn kò lè rántí mọ́. Anne Basting, oníṣẹ́ tíátà kan, rí èyí nílé ìtọ́jú arúgbó kan ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, ní 1996. Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú ti já sí òfo, ó fa àwòrán ọkùnrin darandaran kan ya láti inú ìpolówó sìgá, ó sì ní kí àwọn ará ilé náà sọ orúkọ tí ó wù wọ́n kí ọkùnrin náà máa jẹ́. Wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n fún un nílùú, wọ́n sì hun ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti orin, ìdáhùn kankan kò sì ṣì. Láti inú ìrírí yìí ni ìlànà ìtàn híhun tí wọ́n ń pè ní TimeSlips ti jáde, Basting sì gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2016. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta irú iṣẹ́ yìí bí oògùn ṣá o. Nígbà tí Bob Woods àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí 22 wò fún Cochrane, àjọ tí ń ṣàgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, ní 2018, tí àpapọ̀ akópa inú wọn jẹ́ 1,972, wọ́n rí i pé sísọ̀rọ̀ nípa ìgbà àtijọ́ pẹ̀lú fọ́tò àti nǹkan àtijọ́ ń ran àwọn kan lọ́wọ́ ní ti ìgbádùn ayé, ìrònú àti bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kéré, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Àǹfààní kékeré bẹ́ẹ̀ níye lórí fún ẹni tí ó ń lo gbogbo ọjọ́ lórí ibùsùn. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí ó wà ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2012, jẹ́ irú ibi tí ó yẹ kí àwo fọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò gba ìtàn, ohun díẹ̀ ni ó ń ná ni. Kí wọ́n tẹ fọ́tò náà tóbi tó ojú ìwé kan, sórí ìwé tí kì í dán, nítorí dídán ìwé a máa ta sí ojú tí ó ti ń ṣe bàìbàì. Kí wọ́n jókòó síbi tí kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, kí fóònù máa gba ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn tí àgbà náà bá ti gbà pé kí ó gbà á. Ìyọ̀ǹda yìí kọjá kí ẹnìkan bọwọ́ lu ìwé lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò lè tú ọ̀rọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ kò mọ̀, ti ọmọ tí ó kú, ti ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Ohun tí àgbà sọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lánàá, ó lè máà fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ ọ lónìí. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ padà tọ̀ ọ́ lọ kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun jáde tàbí kí wọ́n tó gbé e sórí Facebook, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i létí ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí ó sì yọ èyí tí kò bá fẹ́.

Pẹ́ńsùlù ni kí wọ́n fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, nítorí yíńkì a máa ràn, a sì máa yọ síwájú. Ẹ̀dà ohùn kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú fọ́tò náà, òmíràn sì gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn, bóyá ní ilé ìkàwé ìlú tàbí lọ́wọ́ ọmọ tí ó wà ní òkè òkun, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà náà ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Bí ìpàtẹ bá sì wà, yálà ní gbọ̀ngán ìlú tàbí ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n fi àyè òfo sílẹ̀ lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn àgbà mìíràn tí ó bá wá wò ó lè fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ kún un. Bí ẹni tí ó ni fọ́tò bá sì rí i pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò rí bí òun ṣe sọ ọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n yí i padà, kódà lójú àlejò.